Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí ọmọ ogun àjèjì tó gba Kandahar rí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS2 fẹ́ jà díbéètì nílé ìwé. Ohun tí wọ́n ní kó gbè lẹ́yìn ni pé kò sí agbára ayé kankan tó ṣẹ́gun Afganísítánì rí, olùkọ́ wọn sì ní kó fi ìlú Kandahar ṣe àpẹẹrẹ. Fídíò kan tí mo wò ní òkè tó yí wọn ká ni kì í jẹ́ kí ọ̀tá ráyè wọlé. Òmíràn ní ayẹta ni wọ́n ń lò. Èwo ni kí ọmọ náà mú? Ìyá ọmọ, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Kó má mú ọ̀kankan nínú méjèèjì, màmá. Láti ọdún 2021 ni irú ìbéèrè yìí ti ń dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì ń bí mi nínú, torí ẹni tó ń ṣe fídíò náà ń rówó, ọmọ ọlọ́mọ ló ń pàdánù máàkì.

Wọ́n ti gba Kandahar rí. Àìmọye ìgbà ni wọ́n gbà á. Láàárín nǹkan bí ọdún 1500 sí 1700, bí ọba Páṣíà (Ìráànù òde òní) bá ti gbà á, àwọn ọba Mughal tó ń jẹ lórí Íńdíà á tún gbà á padà: 1595, 1622, 1638, 1649. Nadir Shah ti Páṣíà sàga tì í ní 1737. Nígbà tí odi rẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́ ní 1738, ó wó ìlú náà palẹ̀. Kandahar tí ẹ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, Ahmad Shah Durrani ló tẹ̀ ẹ́ dó lẹ́yìn tó jọba ní 1747. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ ọ́ ní 1839, wọ́n tún wọ̀ ọ́ ní 1879. Àwọn ọmọ ogun Sófíẹ̀tì gbé ibẹ̀, àwọn ti Amẹ́ríkà àti Kánádà náà gbé ibẹ̀.

Ní ti òkè, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ìlú náà wà, lẹ́bàá odò Arghandab, lójú ọ̀nà tó ti Páṣíà lọ sí Íńdíà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọba fi ń jà á. Ohun tó da àwọn ọmọ ogun Kánádà láàmú ní àgbègbè Panjwai lẹ́bàá Kandahar ní 2006 kì í ṣe òkè. Oko àjàrà ni, pẹ̀lú àwọn ilé amọ̀ tí wọ́n ti ń sá èso náà, tí ògiri wọn nípọn débi tí ọta ìbọn kò fi lè là á já. Mi ò ní dá ti ayẹta sí.

Ibi tí mo fẹ́ kí ọmọ yín dúró lé rèé. Inú ni wọ́n ti sábà máa ń ṣílẹ̀kùn Kandahar. Ní 1638, Ali Mardan Khan tó ń ṣe gómìnà ibẹ̀ fún Páṣíà gbọ́ pé ọba òun fẹ́ pa òun, ló bá fa ìlú náà lé Mughal lọ́wọ́. Páṣíà tún gbà á padà ní 1649. Láti ìgbà náà títí di 1653, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn ọmọ Shah Jahan, ọba Mughal, kó ọmọ ogun lọ síbẹ̀ láti gbà á, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n sì padà lọ́wọ́ òfo, nítorí kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn fún wọn lọ́tẹ̀ yìí. Ní 1839, àwọn ìjòyè tó ń ṣàkóso rẹ̀ sá lọ kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Ní 1994, Naqibullah tó lágbára jù nínú àwọn balógun ìlú kò bá Taliban jà. Ní December 2001, ìjíròrò ni Taliban fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń ka ìtàn ìlú yìí, tó ń ka ìbọn nìkan, tí kò bi í pé ta ló bá ta sọ̀rọ̀ lóru, kò tíì ka nǹkan kan.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Ní January 1842, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń sá kúrò ní Kabul ṣègbé sójú ọ̀nà Jalalabad, àwọn àti ìyàwó, ọmọ àti ìránṣẹ́ wọn. Ìtàn yẹn ba ni lẹ́rù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní àsìkò yẹn gan-an, Ọ̀gágun Nott ti Gẹ̀ẹ́sì wà ní Kandahar, kò sì sẹ́ni tó lè lé e. Fífẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ló fi kúrò níbẹ̀ ní August.

Ti 1880 náà rí bẹ́ẹ̀. Ayub Khan, ọmọ ọba Afganísítánì, lu Gẹ̀ẹ́sì bolẹ̀ ní Maiwand, lẹ́bàá Kandahar, ní July 27. Ọ̀gágun Roberts ti Gẹ̀ẹ́sì kó nǹkan bí ọmọ ogun 10,000 láti Kabul, ó rin ohun tó lé ní máìlì 300, ó sì ṣẹ́gun Ayub lẹ́yìn odi Kandahar ní September 1. Síbẹ̀, wọ́n kó kúrò ní 1881. Owó ló lé wọn. Ìjọba Gladstone tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní Lọ́ńdọ̀nù kò fẹ́ máa bọ́ ọmọ ogun níbẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó tẹ́ wọn lọ́rùn láti máa fún Abdur Rahman tó jọba ní Kabul lówó lọ́dọọdún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó sọ pé wọ́n lé Gẹ̀ẹ́sì jáde ní Kandahar.

Kí ni yóò wá sọ nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ yẹn ni wọ́n fi í sí? Kó gbà lójú gbogbo ayé pé wọ́n ti gba ìlú náà, kó tó wá bi alátakò rẹ̀ pé èwo nínú àwọn àjèjì tó gbà á ló ṣì wà níbẹ̀. Iye owó, oúnjẹ àti ọmọ ogun tí wọ́n ń ná láti dì í mú ni kó fi jà. Kó má ka iye òkú ogun àtijọ́, torí àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ máa ń bù mọ́ ọn. Èmi kọ́ ni mo máa fún un ní máàkì o, nítorí náà kó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí han olùkọ́ rẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí olùkọ́ náà bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kó kọ̀wé sí mi, màá dá a lóhùn.