Ẹgbẹ́ méjì tí ẹnikẹ́ni ò fọkàn sí: ta ló máa gba ife?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Bí ẹgbẹ́ méjì tí wọn ò kà kún bá pàdé ní àṣekágbá họ́kì orí yìnyín, kí la lè fi mọ èyí tó máa gba ife Stanley, ife ìdíje họ́kì NHL ti Àríwá Amẹ́ríkà?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun. Ẹ gbàgbé ipò tí wọ́n wà lórí tábìlì, aṣọ́lé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ní àṣekágbá 2012, ẹgbẹ́ méjì bẹ́ẹ̀ ló pàdé: ipò 8 ni Los Angeles Kings wà ní ìpín Ìwọ̀-oòrùn, New Jersey Devils sì wà ní ipò 6 ní ìpín Ìlà-oòrùn. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin ló ń gba ife. Nínú 100 pọ́ọ̀kì (rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá bíi bọ́ọ̀lù) tí wọ́n bá gbá sí Jonathan Quick, aṣọ́lé Kings, ó ń mú nǹkan bí 95! Ìdí nìyẹn tí Kings fi borí 2-1 lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, lẹ́yìn àfikún àsìkò.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ìjìyà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣubú. Bí wọ́n bá lé agbá-họ́kì jáde fún ìṣẹ́jú 2, góló kan tí ẹgbẹ́ kejì bá gbá wọlé ti tó láti dá a padà. Ti ìṣẹ́jú 5 ò rí bẹ́ẹ̀: iye góló yòówù kó wọlé, ó máa jókòó pé. Ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹfà, Steve Bernier ti Devils ti Rob Scuderi ti Kings láti ẹ̀yìn mọ́ ògiri pápá, wọ́n sì fún un ní ìjìyà ìṣẹ́jú 5. Góló 3 ni Kings gbá wọlé láàárín ìṣẹ́jú 5 yẹn. 6-1 ni Kings fi borí, wọ́n sì gba ife pẹ̀lú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 4 sí 2.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí kì í bínú, tí aṣọ́lé rẹ̀ sì dúró digbí, ni kí ẹ tì lẹ́yìn.