Ọmọ mi ń lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù: báwo ni yóò ṣe máa wọkọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àkúrẹ́ níbí ni mò ń gbé, ní Ìjọkà. Ọmọ mi obìnrin tó jáde ní FUTA ti rí iléèwé ní Lọ́ńdọ̀nù, oṣù Kẹsàn-án ló ń lọ. Yàrá tí agbára wa ká jìnnà sí iléèwé náà, bọ́ọ̀sì àti rélùwéè ni yóò máa wọ̀ lójoojúmọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nínú rélùwéè lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló lè fa irú ìyẹn? Kí ló yẹ kí ọmọ mi mọ̀ kó tó lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra, mà. Mo gbé Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún díẹ̀ kí n tó padà wá sí Àkúrẹ́. Iṣẹ́ tí mo sì ń ṣe báyìí ni kí n jókòó ti àwọn ọmọ tó ń lọ kàwé lókè òkun, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń lọ bá. Nínú gbogbo ohun tí a máa ń sọ, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwọ̀ ni wọ́n ń fojú kéré jù, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ wọn.

Tí ọmọ yín bá dúró ní North Gate FUTA tó ń lọ sí Ọjà Ọba, ẹnu ló fi ń wọkọ̀. Yóò dárúkọ ibi tó ń lọ, awakọ̀ yóò dá a lóhùn, yóò jókòó, yóò sanwó. Bí kò bá sí ṣénjì, wọn á so òun àti ẹlòmíràn pọ̀. Bó bá ti fẹ́ kọjá ibi tó ń lọ, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ já mi sílẹ̀ níbí," wọ́n á sì já a. Ní Lọ́ńdọ̀nù, káàdì ló ń ṣe gbogbo ìyẹn. Káàdì ló ń sọ ibi tó ti wọ̀, ibi tó bọ́ sí, àti aago tó wọlé. Ohun tí káàdì bá sì sọ ni wọ́n máa gbà gbọ́, bó ti wù kí èèyàn mọ àlàyé ṣe tó.

Ẹ jẹ́ kí n mú bọ́ọ̀sì ṣáájú. Láti oṣù Keje ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò ti gba owó lọ́wọ́ mọ́. Káàdì Oyster, ìyẹn káàdì ọkọ̀ tí èèyàn ń kówó sí ṣáájú, ni yóò lò, tàbí káàdì báǹkì tó ní àmì Visa tàbí Mastercard, irú èyí tí wọ́n kàn ń fi kan ẹ̀rọ. Káàdì Verve tó ń lò nílé kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ojú rẹ̀ rí róbótó, ó pọ́n bí iyeyè. Yóò fi káàdì kàn án, yóò dún "píì", iná àwọ̀ ewé yóò tàn, ó parí. Kò ní kàn án mọ́ nígbà tó bá ń bọ́ sílẹ̀. Owó rẹ̀ ti jẹ́ £1.75 láti oṣù Kẹta ọdún 2023, kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti lé. Láàárín wákàtí kan sí ìgbà tó kọ́kọ́ kan káàdì, iye bọ́ọ̀sì yòówù tó bá wọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò ní gba owó mìíràn, bó bá ṣáà ti jẹ́ káàdì kan náà ló ń lò.

Kó tó wọ̀ ọ́, kó mọ ẹ̀gbẹ́ títì tó máa dúró sí. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wa ọkọ̀ sí níbẹ̀, bí àwa náà ti ń ṣe nílé títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 tí wọ́n yí i sí ọwọ́ ọ̀tún. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, mo rí nọ́ńbà bọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ fún mi, mo sáré wọ̀ ọ́, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yìn ló ń gbé mi lọ. Ìgbà tí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀ tán, tí awakọ̀ pa ọkọ̀ rẹ̀, ni mo tó mọ̀. Ìforúkọsílẹ̀ iléèwé ni mò ń lọ ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò sì bá a. Kó máa ka ohun tí wọ́n kọ sára òpó ibùdókọ̀, ibi tí bọ́ọ̀sì ń kọjú sí wà níbẹ̀. Bó bá fẹ́ sọdá, ọwọ́ ọ̀tún ni kó kọ́kọ́ wò. Èyí ju ọ̀rọ̀ owó lọ, mà, ẹ tẹnu mọ́ ọn fún un títí tí yóò fi wọ̀ ọ́ létí. Tí bọ́ọ̀sì bá ń bọ̀, kó na ọwọ́ sí i. Tó bá fẹ́ bọ́ sílẹ̀, kó tẹ bọ́tìnnì pupa ṣáájú ibẹ̀.

Rélùwéè, títí kan èyí tó ń gba abẹ́ ilẹ̀, ló le díẹ̀. Níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kan káàdì nígbà tó ń wọlé àti nígbà tó ń jáde. Bó bá gbàgbé èyíkéyìí, ẹ̀rọ kò mọ ibi tó lọ, owó tó pọ̀ jù ni yóò yọ. Àwọn ibùdó kan wà tí kò ní géètì rárá, ẹ̀rọ lásán ló dúró sórí òpó. Àwọn ọmọ wa máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n á ní kò sẹ́ni tó dá àwọn dúró. Géètì lè má sí, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ń bẹ. Ohun mìíràn tó gba owó lọ́wọ́ èmi fúnra mi: mo fi fóònù kàn án wọlé, mo fi káàdì báǹkì kàn án jáde. Àkáǹtì kan náà ni méjèèjì, ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ, èèyàn méjì ni wọ́n, ọ̀kan wọlé kò jáde, ìkejì jáde láìwọlé. Kó yan ọ̀kan, kó má sì yí i padà.

Ní ti ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó rin ìrìnàjò lọ sí ìlú mìíràn. Tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè ibẹ̀ ní oríṣi mẹ́ta tí orúkọ wọn wà lára wọn. Anytime ló wọ́n jù, gbogbo aago ló sì ń ṣiṣẹ́. Off-Peak dín kù, ṣùgbọ́n kò gba àkókò tí èrò ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, àti nígbà mìíràn ní ìrọ̀lẹ́. Advance ló sábà máa ń dínwó jù, ọkọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ló sì wà fún. Bí ọkọ̀ aago mẹ́wàá bá lọ, tó wọ ti mẹ́wàá ààbọ̀ torí ibì kan náà ló ń lọ, lójú wọn kò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Àfi bó bá jẹ́ ọkọ̀ tiwọn ló pẹ́ tó fi pàdánù èyí tó kàn, ìyẹn nìkan ni wọ́n máa jẹ́ kó wọ òmíràn.

Ó tún lè jẹ́ Railcard ló fà á. Káàdì 16-25 Railcard máa ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó ọkọ̀, ẹni tó ti lé ní 25 náà sì lè gbà á bó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ full-time. Kí ọmọ yín gbà á, ó dára gan-an. Kó ní kí òṣìṣẹ́ ibùdó bá òun so ó mọ́ Oyster. Ṣùgbọ́n láti aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí sí mẹ́wàá àárọ̀, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, owó tó máa fi ra tíkẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ kéré sí £12, àyàfi tíkẹ́ẹ̀tì Advance, tàbí nínú oṣù Keje àti Kẹjọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ka ìyẹn. Wọ́n ra ti £8 láàárọ̀, ayẹ-tíkẹ́ẹ̀tì-wò sì bá wọn nínú ọkọ̀.

Owó ìtanràn yẹn jẹ́ £100, wọ́n sì ń fi owó ọkọ̀ kún un nínú rélùwéè tó ń lọ sí ìlú mìíràn. Ó ń di £50 bí èèyàn bá san án láàárín ọjọ́ 21, àyè sì wà láti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ láàárín àkókò kan náà. Bó bá sanwó yìí, ọ̀rọ̀ ti tán, kì í ṣe ọ̀daràn. Ẹjọ́ ni mò ń bẹ̀rù fún àwọn ọmọ wa. Bí wọ́n bá gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, wọ́n lè gbé e lọ sí kóòtù, fọ́ọ̀mù físà sì máa ń béèrè bóyá wọ́n ti dá èèyàn lẹ́bi rí. Nítorí náà, bí wọ́n bá dá a dúró, kó má sá, kó má fún wọn ní orúkọ tàbí àdírẹ́sì èké. Kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣókí, kó gba ìwé wọn, kó lọ kà á dáadáa nílé.

Iléèwé rẹ̀ lè bá a fọwọ́ sí káàdì Oyster akẹ́kọ̀ọ́, tó ń gé 30% kúrò lórí tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ tàbí ti oṣù. Kó ṣírò rẹ̀ kó tó gbà á, nítorí kò wúlò fún ẹni tó ń lọ sí kíláàsì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Heathrow, nínú àwọn rélùwéè, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Piccadilly ló dínwó jù wọ ìgboro. Kó bi wọ́n léèrè bóyá ibùdó tó máa bọ́ sí ní lífìtì, torí àtẹ̀gùn àti àpótí méjì kì í ṣe eré.

Tó bá rí iṣẹ́ alẹ́, bọ́ọ̀sì òru wà, N ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà wọn. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ òru kò sí ju alẹ́ Ẹtì àti alẹ́ Àbámẹ́ta lọ, lórí ojú irin díẹ̀. Mọ́tò tí kò fi fóònù pè, tí awakọ̀ kan kàn dúró tó ń pè é lójú títì, kó má wọ̀ ọ́ láé, ì báà jẹ́ ọmọ Yorùbá ló ń wà á. Kó sì rin ọ̀nà ilé sí iléèwé lẹ́ẹ̀kan, láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí ìkẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kó má fi sí ọjọ́ Àìkú, nítorí òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ti ojú irin láti tún un ṣe. Kó ka iye ibùdó tó wà láàárín, kó fi ránṣẹ́ sí yín.