Ta ni Pierre Verger tí wọ́n ń pè ní Fátúmbí, iṣẹ́ wo ló ṣe gan-an?

Ọmọ Faransé ni Pierre Verger, ayafọ́tò àti onímọ̀ àṣà ni, òun ló fi kámẹ́rà àti ìwé tọ́jú bí wọ́n ṣe ń bọ òrìṣà nílẹ̀ Yorùbá àti ní Brazil.

Paris ni wọ́n ti bí i ní 1902. Ní 1932 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò, ló bá gbé kámẹ́rà ẹ̀ ó ń yí ayé ká, ó ń ta fọ́tò fáwọn ìwé ìròyìn, títí tó fi dé Salvador ní Bahia, ní Brazil, ní 1946 tó sì fi ibẹ̀ ṣelé. Ẹ̀sìn òrìṣà tó bá níbẹ̀ ló mú un wá Áfíríkà láti wá wo orísun ẹ̀. Fọ́tò nìkan ló kọ́kọ́ ní lọ́kàn o, àmọ́ ilé ìwádìí IFAN ní Dakar tó gbọ́ bùkátà ẹ̀ ní kó kọ ohun tó rí sílẹ̀ pẹ̀lú. Kétu ní Benin ló ti di babaláwo láàárín ọdún 1950 sí 1955, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ Fátúmbí.

Kò parí sẹ́kọ́ńdírì, síbẹ̀ Yunifásítì Sorbonne ní Paris fún un ní oyè dókítà ní 1966 lórí òwò ẹrú láàárín etíkun wa àti Bahia. Ó tún ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fún ọdún mélòó kan láàárín 1970 sí 1980, ó ń kó ewé àtàwọn ọfọ̀ wọn jọ, iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì gan-an fún wa nìyẹn. Ó kú ní Salvador ní 1996, fọ́tò ẹ̀ tó lé ní 60,000 wà níbẹ̀.