Bọ́ọ̀tù síkéètì ń dá mi lóró, ṣé kí n fi sílẹ̀ ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ẹni ọdún 46 ni mí, nọ́ọ̀sì ni mí, Peckham ni mò ń gbé. Ọmọ mi obìnrin ló fà mí lọ sí rínkì, ibi tí wọ́n ti ń fi síkéètì yọ̀ lórí yìnyín, ní Streatham lọ́dún tó kọjá, mo ní kí n kàn jókòó máa wò ó ni, kí n tó mọ̀, èmi náà ti wà lórí yìnyín, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ débi pé mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀. Wàhálà mi ni ẹsẹ̀. Mo ní bọ́níọ̀n lẹ́sẹ̀ méjèèjì, t'ọ̀tún ló burú jù, egungun ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò yẹn ti yọ síta gan, àtẹ́lẹsẹ̀ mi tún pẹlẹbẹ, tí mo bá sì ti ṣe ṣíìfùtù wákàtí 12 tán ẹsẹ̀ mi máa ń wú. Sáìsì 7 ni mò ń wọ̀ nínú bàtà lásán, torí bọ́níọ̀n yìí mo lọ ra bọ́ọ̀tù síkéètì sáìsì 8 kó lè gbà mí dáadáa. Ìṣẹ́jú 15 péré, àtẹ́lẹsẹ̀ mi á ti máa jó bí iná, bọ́níọ̀n á máa ta mí, kókósẹ̀ mi á máa dà sínú, mo wá ń wọ ìbọ̀sẹ̀ nínípọn méjì, kò yàtọ̀. Ẹnì kan ní kí n fi sílẹ̀, pé síkéètì kì í ṣe ti àgbàlagbà, áḿbọ̀tórí ẹni tó ní irú ẹsẹ̀ yìí. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá ọlọ́mọ, Peckham

ÈSÌ: Ìyá ọlọ́mọ, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ̀wé. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá ẹni tó ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ yẹn lóhùn: kì í ṣe òótọ́. Àtọdún 1995 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje síkéètì fún àgbàlagbà nìkan ní Amẹ́ríkà, ISU tó ń darí síkéètì lágbàáyé sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Oberstdorf, ní Jámánì, ní 2005, ẹni tí ò bá tíì pé ọdún 28 ò lè bá wọn dá sí i. Ẹ wò ó, ṣé gbogbo àwọn èèyàn yẹn, tó fi dórí ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ló ní ẹsẹ̀ tí ò ní àbùkù kankan? Rárá o. Bọ́ọ̀tù tó bá ẹsẹ̀ wọn mu ni wọ́n wá rí.

Bọ́ọ̀tù tiyín ti tóbi jù. Mo mọ̀ pé ó máa yà yín lẹ́nu, torí bó ṣe ń fún yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn lẹ ṣe rò pé ó kéré, àmọ́ ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Gbogbo bọ́ọ̀tù ló ní ibi tó ti fẹ̀ jù, ibẹ̀ ló yẹ kí oríkèé àtàǹpàkò yín bọ́ sí. Tí bọ́ọ̀tù bá ti gùn jù, ibi fífẹ̀ yẹn á ti lọ síwájú, bọ́níọ̀n yín á wá wà níbi tí bọ́ọ̀tù ti ń tín-ínrín bọ̀ lẹ́yìn, ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi ń ta yín. Gìgísẹ̀ ò tún ní rí ibi dúró sí, ẹsẹ̀ á máa yọ̀ lọ síwájú, á máa yọ̀ padà, àwọn ọmọ ìka á wá ká kò láti di ilẹ̀ mú, kíká tí wọ́n ń ká kò yẹn ló ń mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ jó bí iná. Ti kókósẹ̀ tó ń dà sínú náà, fóòmù tí wọ́n ṣe sínú bọ́ọ̀tù láti gba kókósẹ̀ mọ́ra ò sí níbi tí kókósẹ̀ yín wà mọ́. Lẹ bá tún fa okùn le kó má baà mì, ẹ̀jẹ̀ ò ráyè kọjá. Ìbọ̀sẹ̀ méjì wá kó bá ọ̀rọ̀ náà pátápátá, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ni, tàbí táìtì.

Irú nǹkan yìí gan-an ló ṣe mí. Ẹni ọdún 43 ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ní Sheffield níbí, èmi náà ní bọ́níọ̀n. Ẹni tó tà á fún mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ò wọn ẹsẹ̀ mi rárá, ó kàn bi mí pé sáìsì wo ni mò ń wọ̀, mo sọ fún un, ó ní kí n fi ọ̀kan lé e nítorí egungun tó yọ yẹn. Oṣù méje ni mo fi jìyà. Ẹ̀gbẹ́ kókósẹ̀ mi méjèèjì wú bí ẹyin àdàbà, kóòṣì mi ń sọ pé ọrùn ẹsẹ̀ mi ò lágbára, mo ń lọ sílé mo ń ṣe eré ìdárayá fún ọrùn ẹsẹ̀, mo ń sunkún. Ìgbà tí ẹni tó mọ iṣẹ́ wá wọ̀n mí, bọ́ọ̀tù yẹn fi ohun tó lé ní sẹ̀ǹtímítà méjì gùn ju ẹsẹ̀ mi lọ. Inú mi bàjẹ́ gan lọ́jọ́ yẹn, torí oṣù méje ni mo fi ń dá ara mi lẹ́bi nǹkan tí ò kàn mí. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ tún dá ara yín lẹ́bi lọ́jọ́ kan sí i.

Ó yá, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Ẹ fi ti sáìsì 7 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nọ́ńbà bàtà lásán ò wúlò níbí, àwọn kan lára bọ́ọ̀tù yìí sì kéré ní sáìsì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí bàtà tẹ́ ẹ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ti ṣe ṣíìfùtù dé, tí ẹsẹ̀ ti wú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, àfi tó bá jẹ́ àárọ̀ nìkan lẹ máa ń lọ sí rínkì. Ẹ tẹ́ bébà sílẹ̀, ẹ fi gìgísẹ̀ kan ògiri, kẹ́ ẹ dìde dúró kí gbogbo ìwúwo yín wà lórí ẹsẹ̀ yẹn, kí ọmọ yín bá yín fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí ìka tó gùn jù dé àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì níbi tẹ́ ẹ ti fẹ̀ jù, kó di pẹ́ńsù yẹn mú lóòró, kó má tẹ̀ ẹ́ bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ wọn ẹsẹ̀ kejì náà o, ẹsẹ̀ méjèèjì kì í sábà dọ́gba. Ẹ wá kọ ọ́ ní mílímítà, torí àwọn ilé iṣẹ́ Ítálì bí Edea àti Risport, mílímítà gan-an ni wọ́n ń kọ sára bọ́ọ̀tù, 245, 250, 255 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà làwọn ẹlòmíì ń lò fún fífẹ̀ ẹ̀, C, D, E, bí lẹ́tà bá ṣe ń lọ síwájú ni bọ́ọ̀tù ń fẹ̀ sí i. Ibi tí ìrànlọ́wọ́ yín wà nìyẹn: ẹni tó ní bọ́níọ̀n, fífẹ̀ ló ń wá, kì í ṣe gígùn.

Ẹ má rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo bẹ̀ yín, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ pe rínkì yín, ẹ bi àwọn kóòṣì pé ta ló ń bá wọn wọn bọ́ọ̀tù, kì í ṣe ta ló ń tà á o, ta ló ń WỌ̀N ọ́n. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ẹ fi bọ́níọ̀n yẹn hàn án, ẹ má tijú, ẹ sọ ìwọ̀n ara yín fún un, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe lórí yìnyín báyìí. Ìwọ̀n ara ṣe pàtàkì torí bọ́ọ̀tù tó tó fún ọmọ ọdún 9, tó bá jẹ́ àgbà ló wọ̀ ọ́, á tètè rọ̀ wọ̀ọ̀. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta èyí tí àwọn tó ń fò léraléra ń wọ̀ fún yín, ó le bíi pákó, ẹ ò ní lè tẹ orúnkún, bẹ́ẹ̀ láìtẹ orúnkún kò sí síkéètì.

Tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́, ẹ gbá gìgísẹ̀ sẹ́yìn kẹ́ ẹ tó so ó. Tẹ́ ẹ bá dúró ṣánṣán, kí àwọn ọmọ ìka kàn máa fọwọ́ kan iwájú ẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́, tẹ́ ẹ bá tẹ orúnkún kí wọ́n sún kúrò díẹ̀, kí gìgísẹ̀ má dìde rárá. Á fún yín yíká bí ẹni pé ẹnì kan di ẹsẹ̀ yín mú dáadáa, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àmọ́ ojú kan tó ń ta yín, tàbí ìka tó ń kú, ìyẹn ò dáa. Ẹ wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀ tó ìṣẹ́jú 20 nínú ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ ò ní bínú.

Bọ́níọ̀n fúnra ẹ̀ wá ńkọ́? Ohun tó fún mi láyọ̀ jù nìyí. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀tù ìsinsìnyí, wọ́n lè gbé e sínú ààrò kékeré kan kó gbóná, awọ àti fóòmù á rọ̀, ẹ̀ẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ́ jókòó jẹ́ẹ́, á tutù mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ẹ má dán èyí wò nínú ààrò ilé o. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní irin kan tó rí bí ẹ̀mú, orí kan ribiti, orí kejì jẹ́ òrùka, ibi tí bọ́níọ̀n bọ́ sí gẹ́lẹ́ ni wọ́n á fi irin yẹn tì síta, bọ́ọ̀tù yòókù á wà bó ṣe wà. Ẹ fi lípsítíìkì kun orí bọ́níọ̀n yẹn kẹ́ ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, á sàmì sínú bọ́ọ̀tù, onítọ̀hún ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa méfò. Tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tì í kó tó tó, wọn ò gba kọ́bọ̀ kún un.

Ti àtẹ́lẹsẹ̀ pẹlẹbẹ, ohun méjì ni. Ìtẹ́sẹ̀ tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ kì í sábà ju fóòmù lásán lọ, ẹ lè yọ ọ́ kẹ́ ẹ fi èyí tó gbé ààrin ẹsẹ̀ ró sí i, tẹ́ ẹ bá sì ti ní èyí tí dókítà ẹsẹ̀ ṣe fún yín tẹ́lẹ̀, ẹ mú un dání lọ síbi ìwọ̀n, torí ó máa gba àyè, àti pé gìgísẹ̀ bọ́ọ̀tù síkéètì ga, èyí tí wọ́n ṣe fún bàtà pẹlẹbẹ lè má jókòó dáadáa nínú ẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni bíléèdì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ abẹ́ bọ́ọ̀tù yẹn. Sheffield níbí ni wọ́n ti ń ṣe bíléèdì John Wilson, orúkọ yẹn ti wà láti 1696, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá ronú kàn án, àmọ́ bíléèdì tó dáa jù láyé, tí wọn ò bá kàn án síbi tó yẹ, á máa gbé yín ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan ni. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi síkúrù díẹ̀ dè é, kẹ́ ẹ gbé e lọ sórí yìnyín, kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn yín wò ó tẹ́ ẹ bá ń fi ẹsẹ̀ kan yọ̀ lọ tààrà. Tó bá ń fà yín sínú, wọ́n á sún un kí wọ́n tó wá dè é pa. Ọ̀pọ̀ àgbà tí wọ́n ń sọ fún pé ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ ò lágbára, bíléèdì ẹ̀ ló wọ́.

Tí gbogbo eléyìí ò bá wá tó, àwọn kan wà tó máa ń ṣe é mọ́ ẹsẹ̀ èèyàn, bí Harlick ní California, wọ́n á wọn ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ́tọ̀, òsì lọ́tọ̀. Ó wọ́n o, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Mi ò rò pé ẹ nílò ẹ̀ báyìí, ẹ gbìyànjú èyí tó fẹ̀ ná.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàbọ̀ ma. Brooklyn Park ní Minnesota ni mo wà, ẹni ọdún 52, ọmọ mi ọkùnrin ń ṣe síkéètì, mo fẹ́ máa bá a ṣe é. Mo ní ìtọ̀ ṣúgà, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi máa ń kú tipiri nígbà míì. Gbogbo bọ́ọ̀tù tí mo wọ̀ ló rọ̀ mí lọ́rùn, ṣé kí n kàn mú èyí tó wù mí?
Bàbá Minnesota

ÈSÌ: Ẹ má mú ìkankan, sà. Nǹkan tẹ́ ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn ló já mi láyà jù. Kì í ṣe pé bọ́ọ̀tù yẹn rọ̀ yín lọ́rùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ yín ò gbọ́ ohun tó ń ṣe é ni. Èèyàn tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ń kú nítorí ṣúgà lè ní ìléròrò, kó bẹ́, kó di egbò, kó má mọ̀ títí á fi bọ́ ìbọ̀sẹ̀, irú egbò bẹ́ẹ̀ kì í sì í tètè jinná. Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà ẹsẹ̀, ẹ sọ fún un ní tààrà pé síkéètì lẹ fẹ́ ṣe, kó yẹ̀ yín wò. Tó bá gbà fún yín, ẹ lọ wọ̀n ọ́n lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, Red Wing níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́ọ̀tù Riedell látọdún 1945 ò jìnnà sí yín rárá, ojú ló máa bá yín ṣe iṣẹ́ tí ìmọ̀lára ẹsẹ̀ ò lè ṣe. Ẹ má gbọ́kàn lé bó ṣe ń ṣe yín lẹ́sẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 10, ẹ bọ́ ọ, ẹ fi jígí wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka, ibi tó bá pọ́n tí ò sì lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀tù ti ń jẹ yín, ẹ má padà wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbé e padà fún ẹni tó wọ̀n yín. Ọ̀ràn bàtà tí wọ́n ń yá èèyàn ní rínkì, ẹ má tiẹ̀ sún mọ́ ọn.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, iwájú ọrùn ẹsẹ̀ mi níbi tí okùn ti ń tẹ̀ ẹ́ ń dùn mí gan, Toronto ni mo wà, bọ́ọ̀tù ọ̀hún ti lé lọ́dún kan.
Ọmọ Ìjẹ̀bú, Toronto

ÈSÌ: Àbúrò, ẹ wo ahọ́n bọ́ọ̀tù yẹn, èyí tó wà lábẹ́ okùn, ó ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí fóòmù ẹ̀ ti tẹ́. Ẹ fà á padà sáàárín kẹ́ ẹ tó so ó. Kí okùn iwájú níbi ọmọ ìka dẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ fà á le níbi tí ẹsẹ̀ ti ká, kẹ́ ẹ wá dẹ̀ ẹ́ fún àwọn ìkọ́ òkè kí orúnkún lè tẹ̀. Tó bá ṣì ń dùn, ẹ fo ìkọ́ tó bọ́ sójú ibi tó ń dùn yẹn, ẹ tẹ́ páàdì sílíkọ́ọ̀nù sábẹ́ ahọ́n. Tí awọ bọ́ọ̀tù bá sì ti ká jọ níbi ọrùn ẹsẹ̀ tó fi ṣeé tẹ̀ síwá sẹ́yìn bí ìwé, bọ́ọ̀tù yẹn ti lò tiẹ̀ tán, okùn kọ́ ló fà á, ẹ lọ wọn òmíì.