Bí ẹ ṣe lè mọ àbúlé tí awakùsà tó ti England wá ti ṣẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Bàbá-ńlá ọkọ mi wa èédú ní Schuylkill County, Pennsylvania. Wọ́n ní láti Durham ló ti wá, ní nǹkan bí ọdún 1880, ṣùgbọ́n àwọn olórúkọ rẹ̀ pọ̀ bí eéṣú. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì kọjá sí England. Durham lè jẹ́ ìlú, ó sì lè jẹ́ gbogbo agbègbè tó yí i ká. Ìwé Amẹ́ríkà ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Ìwé ìkànìyàn 1900 máa ń sọ oṣù àti ọdún tí wọ́n bí èèyàn, àti ọdún tó wọ̀lú. (Iná ti ba èyí tó pọ̀ jù nínú ti 1890 jẹ́.) Bó bá kú ní 1906 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ìwé ẹ̀rí ikú ìpínlẹ̀ Pennsylvania yóò dárúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀. Ẹ wo ẹni tó fún wọn ní àlàyé o: ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà lè má mọ orúkọ ìyá àgbà tó kù sí òkè òkun. Ìwé tó fi di ọmọ onílùú ṣáájú oṣù kẹsàn-án 1906 kì í sábà kọ ju "England" lọ.

Orúkọ ilé bàbá ìyá rẹ̀, ìyẹn orúkọ ìdílé tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́ kó tó lọ́kọ, ló ṣe kókó jù. Àtòjọ ìbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti General Register Office (ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú ní England) máa ń gbé e jáde, láti 1837. Ẹkùn ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, kì í ṣe àbúlé: ọmọ Haswell, àbúlé kan ní Durham, yóò wà lábẹ́ ẹkùn Easington. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má sọ̀rètí nù. Kò tíì sí ìtanràn tó múná fún ẹni tí kò forúkọ ọmọ sílẹ̀ kó tó di 1875. Ẹ wá ìwé ìrìbọmi, pàápàá ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì, torí ọ̀pọ̀ awakùsà ni kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà.

Nínú ìkànìyàn England ti 1851 sí 1871, gbogbo ìdílé ni kí ẹ wá, kì í ṣe òun nìkan. Àdéhùn iṣẹ́ ọlọ́dọọdún ni awakùsà Durham ń tọwọ́ bọ̀ títí di 1872, wọ́n sì máa ń kó kiri. Bí wọ́n bá bí àkọ́bí sí Hetton, èkejì sí Haswell, ẹ̀kẹta sí Thornley, ipa ẹsẹ̀ bàbá wọn nìyẹn.

Bó bá ku olórúkọ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ tọpa wọn dé 1891. Ẹni tó ti kú, tàbí tó ṣì ń gbé Durham pẹ̀lú ìyàwó tí ẹ kò mọ̀ rí, ẹ fagi lé e. Ẹ fara balẹ̀ o, àwọn awakùsà kan lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì padà wálé.