Oorun tó dá lójú mi nígbà tí mo wà ní SS3

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, mo sì tún un kà. O ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọ́, o wà ní SS2, ó ti lé ní oṣù méjì tí o kì í rí oorun sùn títí aago mẹ́ta òru. O ní àyà rẹ máa ń já láìsí ohun tó ń lé ọ, màmá rẹ ní fóònù ló fà á, ẹ̀rù sì ń bà ọ́ pé orí rẹ fẹ́ dàrú, pé bí o bá sọ fún ẹnikẹ́ni ní ọsibítù, wọ́n á tì ọ́ mọ́lé. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ó ṣe mí rí, nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí tìrẹ, ní Abẹ́òkúta. Àìróorunsùn kì í ṣe wèrè.

Ọdún tí mo fẹ́ ṣe WAEC ni, JAMB sì wà níwájú. Mo máa ń dùbúlẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Àwọn àbúrò mi méjì tí a jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan á ti máa hanrun, èmi á lajú sílẹ̀ sínú òkùnkùn. Ọlọ́dẹ àdúgbò wa máa ń fi irin lu òpó iná láti fi ka aago. Bó bá lù ú lẹ́ẹ̀mejìlá, mo gbọ́. Bó bá lù ú lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́. Nígbà tó bá fi máa lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, omi á ti bọ́ lójú mi, torí mo ti ṣírò rẹ̀ pé wákàtí méjì péré ló kù kí wọ́n pe ìrun, kí màámi sì wá jí mi. Ìṣirò yẹn gan-an ló ń pa mí. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ìbẹ̀rù ìdánwò di ìbẹ̀rù òru fúnra rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni àyà mi á ti máa lù kìkì, ọwọ́ mi á máa tutù. Mo wá kórìíra bẹ́ẹ̀dì.

Ní kíláàsì, mo ń tòògbé. Tíṣà Físíìsì pè mí ní ọ̀lẹ lójú gbogbo ènìyàn. Màámi, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní ayé ló ń bá mi jà, wọ́n sì mú mi lọ sórí òkè fún ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò ní pẹ̀gàn ìyẹn. Orin tí a jọ kọ lálẹ́ ọjọ́ kìíní fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju bí mo ṣe rí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lọ, mo sì ṣì ń gbàdúrà títí dòní. Àmọ́ inú òfìfo pẹ̀lú àìsùn, ńṣe ló dá kún gbígbọ̀n ara mi. Bí àwọn òbí rẹ bá fẹ́ kí o gbààwẹ̀, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí o máa jẹun, kí àdúrà máa lọ.

Ohun tí mo kábàámọ̀ jù ni kẹ́míìsì. Mo fi owó oúnjẹ iléèwé ra oògùn oorun níbì kan ní àdúgbò, ẹni tó tà á fún mi kò bi mí lọ́jọ́ orí. Mo sùn lóòótọ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, ẹyọ kan ò tó mọ́, mo ń lo méjì. Nígbà tí owó tán tí mo sì dáwọ́ dúró lójijì, ìpayà tó dé bá mi lóru ọjọ́ yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Irú oògùn bíi diazepam àti bromazepam máa ń mọ́ ara lára, ara á sì máa bèèrè sí i. Jọ̀wọ́, má rà á fúnra rẹ. Bó bá sì jẹ́ pé o ti ń lò ó, má ṣe jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìsọ fún dókítà.

Àǹtí mi kan, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ló là mí lójú nígbà tí wọ́n wá kí wa lásìkò Àjíǹde. Mo ti ń sọ fún màámi láti oṣù mélòó kan pé "ẹ̀rù ń bà mí", èsì tí mo sì ń gbà ni pé kí n pe orúkọ Jésù. Àǹtí mi ní kí n má sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rù mọ́, kí n sọ ohun tí ara mi ń ṣe. Lọ́jọ́ kejì, bí màámi ṣe ń po ọ̀gì láàárọ̀, mo ní: "Màámi, ara mi ò yá. Àyà mi ń lù kìkì lóru, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, oúnjẹ ò wọlé, mi ò sùn, mi ò wo láti oṣù mẹ́ta." Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni a lọ sí ọsibítù jẹ́nẹ́rà. Nílé wa, "ọkàn mi ò balẹ̀" jẹ́ ọ̀rọ̀ àdúrà, ṣùgbọ́n "ara mi ò yá" jẹ́ ọ̀rọ̀ ọsibítù. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ló rí ní ilé púpọ̀. Èyí kì í ṣe irọ́ pípa rárá, torí ara ni ìpayà ń gbà sọ̀rọ̀.

Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí àìsàn gẹ̀gẹ̀ tó ń mú ọrùn wú lè mú kí àyà máa lù báyẹn. Wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n wá bi mí bóyá mo ti rò ó rí láti pa ara mi. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo dáhùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ lẹ́tà fún wa pé kí a lọ sí Àrò, ọsibítù ìtọ́jú ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta.

O mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ yẹn. "Wọ́n ti gbé e lọ sí Àrò", èébú ni nílùú wa. Mo sunkún nínú ọkọ̀, màámi sì fi ìborùn bojú kí ará Ìtòkú má baà dá wa mọ̀. Orí bẹ́ǹṣì tí a ti ń dúró de káàdì ni àǹtí mi ti sọ fún wa pé ọmọ Abẹ́òkúta ni Dókítà Adéoyè Lambo tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954. Wọ́n ní kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé, àwọn abúlé tó yí ọsibítù ká ló ní kí wọ́n máa gbé, pẹ̀lú ìbátan tó ń dáná fún wọn, kí wọ́n máa bá àwọn ará abúlé ṣe iṣẹ́ oko, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Ọkùnrin yẹn náà ló padà di igbákejì olùdarí àgbà WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé. Mo rí i tí màámi rọra ṣí ìborùn kúrò lójú.

Wọn ò tì mí mọ́lé. A dé ibẹ̀ láàárọ̀, a ti padà sílé kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìgbà mẹ́fà ni mo padà lọ bá obìnrin onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan, a sì máa ń jókòó sọ̀rọ̀. CBT ni wọ́n ń pe irú ìtọ́jú náà, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn láti yí ìrònú àti ìṣe rẹ̀ padà. Wọn ò fún mi lóògùn kankan. Àwọn mìíràn wà tó nílò rẹ̀, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀ bí dókítà bá ń ṣọ́ wọn.

Ohun tí obìnrin yẹn kọ́ mi yà mí lẹ́nu, torí ó lòdì sí ohun tí mo ń ṣe. Èmi ń tètè sùn kí oorun lè tètè dé. Wọ́n ní kí n má lọ sórí bẹ́ẹ̀dì àfi bí ojú mi bá wúwo, kódà kó jẹ́ aago méjìlá. Bí mo bá ti wà níbẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú láìsùn, kí n dìde, kí n jókòó sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n máa ká aṣọ pẹ̀lú iná kékeré, títí oorun á fi tún kùn mí. Ìgbà yòówù kí n sùn, aago márùn-ún ààbọ̀ ni kí n jí, Sátidé àti Sọ́ńdè pẹ̀lú. Kí n má sùn lọ́sàn-án. Kí n fi obì àti kọfí tí mo fi ń ṣe TDB (kíkàwé mọ́jú) sílẹ̀ láti ọ̀sán, torí káfíìnì inú wọn ni kì í jẹ́ kí èèyàn sùn, wákàtí bíi márùn-ún lẹ́yìn náà, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ara. Ní ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, kí n kọ gbogbo ohun tó ń dà mí láàmú sínú ìwé, kí n kọ ohun kan tí mo lè ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n sì pa ìwé náà dé. Bí àyà bá ń lù, kí n ka oókan dé ẹẹ́rin bí mo ṣe ń mí sínú, kí n ka oókan dé ẹẹ́fà bí mo ṣe ń mí síta. Mi ò lè ní kí ọlọ́dẹ má lu irin, ṣùgbọ́n mo lè fi ìṣirò sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kìíní burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ń sọ èyí kí o má baà sá. Ó rẹ̀ mí débi pé mo ṣubú lójú ọ̀nà iléèwé. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo sùn láti aago mọ́kànlá títí di aago márùn-ún, tí n kò gbọ́ irin kankan.

Ní ti fóònù, màmá rẹ ò jẹ̀bi tán. Gbé e sí yàrá wọn lálẹ́ fún oṣù kan, ìyẹn á tún jẹ́ kí wọ́n gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn pẹ̀lú pé ara ọ̀dọ́ kì í tètè béèrè oorun bíi ti ọmọdé, ó lè fi wákàtí kan sí méjì pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni ọmọ ọdún rẹ nílò. Kì í ṣe oríkunkun.

Ní ti títì mọ́lé tí o bèèrè: ní oṣù Kìíní 2023 ni wọ́n buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní Nàìjíríà, tó rọ́pò òfin àtijọ́ ti 1958. Ọmọ tí kò róorun sùn kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń tì mọ́lé. Bí o bá wà nítòsí Èkó, ọsibítù ìtọ́jú ọpọlọ wà ní Yábà, LUTH, ọsibítù ńlá ti yunifásítì, náà wà ní Ìdí-Àràbà. UCH, irú ọsibítù bẹ́ẹ̀, wà ní Ìbàdàn. Bí gbogbo ìyẹn bá jìnnà, bẹ̀rẹ̀ láti jẹ́nẹ́rà bíi tiwa.

Ohun kan ṣoṣo ni mi ò fẹ́ kí o dúró dè. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé o ń rò ó pé kí o kú, tàbí pé ó sàn kí o má jí mọ́, má dá nìkan sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Jí ẹnikẹ́ni tó bá wà nílé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ aago méjì òru, sọ ọ́ fún un bó ṣe rí gan-an, kí ẹ sì lọ sí ọsibítù.

Bí kò bá sí ìyẹn, sọ fún màmá rẹ lọ́la kí o tó lọ síléèwé, nígbà tí wọ́n bá ń dáná. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ara mi ò yá". Kọ aago tí o sùn àti aago tí o jí sínú ìwé láti alẹ́ òní, kí ẹ ní nǹkan láti fi han dókítà. Bí wọn ò bá fetí sí i, wá àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún kó bá ọ sọ ọ́.