Ẹ gbé àdá yẹn sílẹ̀ ná

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní àdàbà kan ń sàba lórí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé yín ní Àpẹ̀tẹ̀, ẹ̀ka dí yín lójú, ẹ sì fẹ́ gé díẹ̀ kí fọ́tò lè mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e. Èmi ti gé e rí.

Ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà ni. Àdàbà yé ẹyin méjì sórí igi ọsàn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wa ní Bódìjà. Ẹ mọ bí ìtẹ́ wọn ṣe ń rí, igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n kàn tò léra, bí ẹni pé atẹ́gùn ló kó o síbẹ̀. Ewé nìkan ni òrùlé rẹ̀. Nígbà tó pamọ tán, mo gé ẹ̀ka mẹ́ta kúrò níwájú rẹ̀. Fọ́tò yẹn dára o, mi ò ní purọ́. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, oòrùn ń pa àwọn ọmọ náà, wọ́n la ẹnu, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá wọn fẹ́ wá bò wọ́n, ó rí èmi àti kámẹ́rà mi, ó padà sórí wáyà iná. Kannakánná kan sì wà lórí páànù aládùúgbò wa tó ń wo gbogbo wa. Mo wọlé lọ mumi. Kí n tó jáde, ìtẹ́ ti ṣófo.

Lóòótọ́, fọ́tò kì í ṣe ìbọn, bí ọ̀rẹ́ yín ṣe wí. Ìdúró wa níbẹ̀ ni wàhálà. Tí ìyá bá fò sílẹ̀, ẹyin á tutù. Ọmọ tó ti ń hu ìyẹ́ lè bẹ́ sílẹ̀ kí apá rẹ̀ tó lè gbé e. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tí wọ́n ṣe ní 1981 ka dída àwọn ẹyẹ kan láàmú nídìí ìtẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ti ohùn ẹyẹ orí fóònù tí ẹ fi ń tàn wọ́n jáde ńkọ́? Mo ti jáwọ́ níbẹ̀. Ẹyẹ náà á rò pé ẹlòmíràn wá gba ilẹ̀ òun, á pa jíjẹ tì, á máa wá ọ̀tá tí kò sí. Pàápàá jù lọ, ẹ má fi tan Malimbus ibadanensis, mọ̀lẹ́bí ẹ̀ga tó jẹ́ dúdú àti pupa, tí Elgood, onímọ̀ nípa ẹyẹ, fún lórúkọ ìlú wa, Ìbàdàn, ní 1958. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló wà láyé, kò sì pọ̀ mọ́.

Ẹ ya tiyín láti inú yàrá, lẹ́yìn kọ́tìnì, pẹ̀lú lẹ́ńsì gígùn. Ẹ pa fíláàṣì. Tí ìyá bá fò, tí kò sì tètè padà, ẹ kúrò lójú fèrèsé. Tí wọ́n bá pamọ, bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i, àwọn ọmọ á ti fò lọ. Ẹ lè wá gé máńgòrò yín nígbà yẹn.